Ẹní Tí Kò Ya

"Ìyá Fà-á-wò, iná mà ń gba inú rọ́bà yín yìí kọjá o!"

Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ rọ́bà wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ti fi ẹnu wáyà mítà rẹ̀ kan rọ́bà dúdú pélébé kan lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ mítà sì fò lọ sápá ọ̀tún. Obìnrin náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo rọ́bà náà dáadáa ni ó dá a mọ̀. Ìyókù ẹní tó ṣe fún àbúrò rẹ̀ ni.

Oníṣẹ́ iná ni àbúrò rẹ̀. Lórí ẹní yẹn ló fẹ́ dúró láàárọ̀ yìí gan-an, nílé ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ọsíbítù, níbi tí wọn kì í ti í pa iná nítorí àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ kéré, ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mú un. Ẹní nìkan ló wà láàárín òun àti ikú.

"Ẹ tún un wò," ni ó wí.

Abẹ́rẹ́ tún fò.

"Báwo ni dúdú tẹ́ ẹ dà sí i ti pọ̀ tó?"

Obìnrin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń po rọ́bà bẹ́líìtì ẹ̀rọ, lẹ́búlẹ́bú dúdú tí wọ́n ń rí látinú èéfín epo ló sì ń mú rọ́bà le koko. Dà á sí i, ó le. Fi kún un, ó tún le sí i. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń fà wò bóyá yóò ya, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ yìí, ó fa okùn bàtà ọkọ ìyàwó wò, okùn já!

Ti ẹní yìí, ìfẹ́ ló mú un da dúdú sí i ju ti bẹ́líìtì lọ. Ó fà á títí, kò ya, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n bí hóró dúdú bá ti pọ̀ tí wọ́n ń fara kan ara wọn, wọ́n ti lanà fún iná nìyẹn. Wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. Bẹ́líìtì ò kàn bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni.

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó dún títí, kò gbé e. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń fi fóònù sí tó bá ń ṣiṣẹ́, alágídí! Obìnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òpópónà méjì péré ni dé ọsíbítù, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ò gbà fún un mọ́. "Ọlọ́run, má jẹ́ kí n pẹ́ jù," ló ń wí ṣáá.

Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kọ̀yìn sí i, ó tẹ̀ mọ́ àpótí iná. Omi ti rin bàtà rẹ̀, ó ti bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ tútù ló fi dúró lórí ẹní. Ìka rẹ̀ ń wá nọ́ọ̀tì lọ nínú àpótí náà.

Obìnrin náà la ẹnu láti pariwo, ó sì pa á dé. Bó bá ta gìrì, tó fọwọ́ kan iná ńkọ́? Ó yíjú sí ara ògiri, ó di ọwọ́ ìpaná ńlá mú, ó fà á wálẹ̀.

Ẹ̀rọ omi kú.

"Ta nìyẹn? Ṣé orí yín pé?" Àbúrò rẹ̀ yíjú. "Ẹ̀gbọ́n mi? Omi ọsíbítù lẹ pa yẹn o!"

"Kúrò lórí ẹní yẹn."

Ó mú mítà látinú àpò irinṣẹ́ àbúrò rẹ̀, ó fi wo ẹní náà. Àbúrò rẹ̀ wo abẹ́rẹ́, ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O ò fi mítà wò ó ni?"

"Èyí tí mo bá rà lọ́jà ni mo máa ń wò. Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí."

Obìnrin náà ká ẹní náà. Nọ́ńbà tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ sétí rẹ̀, iye agbára tí ẹ̀rọ fi fà á tí kò ya, ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ kọ́ ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, ó sì lọ gbé pákó gbígbẹ kan wá látẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Wò ó."

Àbúrò rẹ̀ fi mítà wo pákó, ojú ń tì í níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò mira.

"Tún un wò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.