Màmá àti Wọlé-wọlé Dagenham

Ó rẹ Èyítáyọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn kọjá ibùdó rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní Dagenham Dock nílùú òyìnbó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí òní ni elétò ìlera káńsù ń bọ̀ wá wo ògiri yàrá wọn.

Yàrá kan ṣoṣo ni òun, ìyá rẹ̀ àti Ìyìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń gbé lẹ́yìn òpópónà Heathway, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba kọ́ láyé ọjọ́un kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí afẹ́fẹ́ mí. Afẹ́fẹ́ wo? Ebu dúdú ti bo ògiri láti ìsàlẹ̀ dé àjà, Ìyìn ò sì lè mí dáadáa mọ́. Onílé ní oúnjẹ tí wọ́n ń sè jù ló fà á. Láti ìgbà òtútù ni Èyítáyọ̀ ti ń pe káńsù. Bí wọ́n bá fojú ara wọn rí ebu yẹn, wọn á fi dandan mú onílé tún ilé ṣe, tàbí kí wọ́n wá ibòmíràn fún wọn. Gbogbo ìrètí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni òórùn jíìkì gbá a nímú. Ògiri ti funfun báláú. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, Màmá sì wà lórí àga, ó ń fi kànìnkànìn ha igun tó kù.

"Màmi, kí lẹ ṣe?"

"Ṣebí ìwọ lo ní àwọn elétò ìlera ń bọ̀. Wọlé-wọlé nìyẹn. Ìwọ ò bá wọn láyé. N'Íjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tanwíjí ni wọ́n rí nínú ìkòkò omi ìyá mi, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Wọn ò ní bá ìdọ̀tí nílé ọmọ tèmi."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyítáyọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ bínú, kò rí agbára tó máa fi bínú. Ta ló fẹ́ bínú sí, arúgbó tó gun àga nítorí tirẹ̀? Òun náà kò kúkú ṣàlàyé.

Dávídì, òyìnbó káńsù, dé. Màmá kúnlẹ̀ kí i bí ẹni ń kí adájọ́. Dávídì wo ògiri, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin tẹ̀ ẹ́.

"Ebu ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Èyítáyọ̀ wí fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ìyá mi ló fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ wò ó, mo ní àwòrán."

Dávídì wo àwòrán inú fóònù náà pẹ́. Ó ní òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí òun bá rí nílẹ̀ lòun lè kọ. Ó ní ebu náà yóò hù padà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, bó bá ti hù kí wọ́n pe òun. Lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín sí Màmá, ó ní ilé yìí mọ́ gan-an.

Èyítáyọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀. Inú Màmá dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

"Mo sọ fún ẹ. Wọn ò rí wa mú."

"Màmi, ó ní ká jẹ́ kó hù padà. Ebu yẹn ni wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó ràn wá lọ́wọ́."

Màmá wo ògiri, ó wo Ìyìn tó ń wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún wo ògiri. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Kó hù padà? Lórí ọmọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Èyítáyọ̀ dìde, ó lọ ti fèrèsé, kí ebu lè tètè hù.