Bọ̀dá Òkè àti Àjà Tó Ń Jò

Bí omi bá ti ń kán láti àjà yàrá ọmọge aránṣọ kan, ṣe ni ọkàn rẹ̀ máa ń fò fún ayọ̀. Kò ní í pẹ́ tí Bọ̀dá Òkè, ọkùnrin tó ń gbé lókè yàrá náà, á fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àkísà àti garawa, á kúnlẹ̀, á máa nulẹ̀. Níbi tó ti ń nulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ di ọwọ́ aránṣọ mú.

"Olólùfẹ́, omi yìí gbọ́n jù mí lọ. Òun ló júwe ilé rẹ fún mi."

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ní kí àwọn pe ẹni tó ń tún páìpù ṣe, aránṣọ yarí.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀? Àjà ti wú bí ikùn aboyún! Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń fi ilé jíjò fa ọkọ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ gan-an ló ń rán, funfun báláú, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí i láyà. Bọ̀dá Òkè ti ṣèlérí pé tó bá ti rán an tán, àwọn á lọ bá àwọn òbí.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé aṣọ náà kọ́, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú olólùfẹ́. Àfi gbàgà! Àjà ya. Omi àti páálí tó ti jẹrà dà wàà sórí aṣọ.

Ó gbá aṣọ náà mọ́ra, ó sáré gòkè. Obìnrin kan tó ró táwẹ́ẹ̀lì máyà, tí ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn.

"Olówó orí mi, ẹnì kan ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà o."

Bọ̀dá Òkè yọjú. Ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ̀.

"Má dá a lóhùn. Ará ìsàlẹ̀ ni. Omi ló ń dà á láàmú."

"Aṣọ ìgbéyàwó wa nìyí," ni aránṣọ wí, ó na aṣọ tó rin gbindin náà sí i.

"Wa ti bàwo? Ṣebí ìwọ náà lo ní kí wọ́n má tún un ṣe."

Obìnrin náà fọwọ́ pa ìlẹ̀kẹ̀ aṣọ náà. "Ọwọ́ yín mọ́ṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ óò bá mi rán irú ẹ̀. Ẹ má sáà gbé tèmi kọ́ síbi tó ń jò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà padà sídìí ìwẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́ síńkì aránṣọ ni páìpù tó ń gbé omi lọ sókè gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tì í. Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí Bọ̀dá Òkè ti máa ń kúnlẹ̀, ó tì í pa.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi ń dún lórí àtẹ̀gùn. Bọ̀dá Òkè fa obìnrin náà lọ́wọ́, ọṣẹ ti bò ó lójú. Garawa ọjọ́sí ló gbé dání.

"Olólùfẹ́, jọ̀ọ́, omi díẹ̀..."

"Ta lò ń pè ní olólùfẹ́?" ni obìnrin náà bi í, ojú rẹ̀ dì pinpin.

"Ta nìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n ké láti inú ilé.

"Ará òkè ni," ni aránṣọ dáhùn. "Omi ló ń dà wọ́n láàmú."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ orin. Ó wòkè. Àjà ti dáwọ́ jíjò dúró. Ìgbà yẹn ni ojúlówó ẹkún tó gbọ̀n ọ́n, torí kò sẹ́ni tí yóò tún sọ̀ kalẹ̀ wá nulẹ̀.