Gìgísẹ̀ Tí Kò Kanlẹ̀ Mọ́

Èmi ni mo máa ń fi sípánà yí nọ́ọ̀tì ara irin ẹsẹ̀ àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, díẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ mílímítà kan. Òun á ti fi táwẹ́ẹ̀lì bọ ẹnu. Kó tó fi bọ ẹnu á ní, "Ẹ yí i, Àǹtí mi, ẹ má wojú mi."

Télọ̀ ni àbúrò mi. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la jọ ń gbé látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Òun ń rán ṣòkòtò, èmi ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, mo sì ń lọ̀ ọ́. Bíńtín ni àwọn oníbàárà ń pè é, wọ́n ń pe èmi ní Òpó Iná, torí èjìká mi ni orí rẹ̀ mọ. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi máa ń dá wọn lóhùn. Àmọ́ lọ́jọ́ tó lọ kí àwọn òbí obìnrin tó fẹ́ fẹ́, bàbá obìnrin náà yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin náà dà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní òun ti rí dókítà tó ń sọ ènìyàn di gíga.

Wọ́n gé egungun ojúgun rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi irin yí ẹsẹ̀ náà ká, kí egungun tuntun lè máa hù sínú àlàfo tí à ń fà sílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ló fẹ́. Dókítà, ọkùnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ní márùn-ún ni òun lè fọwọ́ sọ̀yà lé.

Egungun gbọ́ràn. Iṣan ńlá tó so ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ ni kò gbọ́. Ó yẹ kó máa fi táwẹ́ẹ̀lì fa àtẹ́lẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí iṣan náà lè máa bá egungun lọ. Ó ń dùn ún wọra. Tí nọ́ọ̀sì bá béèrè, á ní òun ń ṣe é. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mi ò tú àṣírí rẹ̀.

Nígbà tá a fi dé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti ààbọ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Ìka mẹ́ta gba àárín òun àti ilẹ̀. Á di ògiri mú, á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tiro kiri inú yàrá.

Dókítà ní ká jókòó. "Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè dúró síbi tẹ́ ẹ dé yìí, kẹ́ ẹ fi oṣù mélòó kan máa na iṣan náà. Ó lè bọ̀ sípò láìlo ọ̀bẹ. Tàbí kí n la iṣan náà kó lè gùn sí i. Gìgísẹ̀ á tètè kanlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ò sì ní gan pa. Àmọ́ iṣan tí a bá là kì í sábà lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Tó bá lọ gùn jù, agbára tẹ́ ẹ fi ń sáré, tẹ́ ẹ fi ń gun àtẹ̀gùn, lè má padà. Ojú egbò náà sì lè má tètè jinná."

"Tẹ́ ẹ bá là á, ṣé mo lè dé mẹ́jọ?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ là á."

Mo ní, "Dókítà, ká ní àbúrò yín ni ńkọ́?"

"Màá ní kó dúró."

"Èmi kì í ṣe àbúrò wọn," ni àbúrò mi wí.

Nígbà tá a délé, mo ju sípánà sápò aṣọ mi, mo ní mi ò yí nǹkan kan mọ́. Odindi ọjọ́ kan, kò jẹun, kò sì bá mi jà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ńṣe lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀? Láti kékeré ni."

Mi ò mọ̀. Mo yọ sípánà, mo yí i.

Wọ́n la iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi dì í, gìgísẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ pẹrẹsẹ, a sì ń yí irin náà lọ. Nígbà tí irin náà wá kúrò pátápátá, ó gba téèpù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọn ara rẹ̀: ó ti fi sẹ̀ǹtímítà méje àti ààbọ̀ ga sí i. Ó dúró síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù títí mo fi rò pé ó ti sùn lórí ìdúró. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò sì ní parọ́, inú tèmi náà dùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn nílé ìwòsàn ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó fi ọmọ ìka rẹ̀ gbé ara sókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé e. Ti òsì kò tilẹ̀ mira.

"Ẹ tún gbìyànjú."

Òógùn bò ó. Ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Dókítà fọwọ́ tẹ iṣan náà wò, ó ní ti òsì ti gùn jù kó tó jinná. Òun lè tún fi ọ̀bẹ dín gígùn rẹ̀ kù, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí.

"Ẹ ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀," ni àbúrò mi wí. "Ẹ sọ gbogbo rẹ̀." Ó ní ọ̀bẹ ti sú òun.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́. Ojú rírán wá ń wọ́, ó ń tú u, ó ń tún un rán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú lójijì. Aṣọ àwọn oníbàárà wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Àwa méjèèjì sáré jáde. Ìṣísẹ̀ kejì ni ẹsẹ̀ òsì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀. Mo fẹ́ gbé e.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ kó aṣọ!"

Mo kó aṣọ. Nígbà tí mo padà dé, òjò ti ń rọ̀, inú ẹrẹ̀ ló ṣì jókòó sí, ó ní, "Ẹ bá mi pe dókítà."

Wọ́n dín iṣan náà kù. Oṣù mẹ́fà ti kọjá báyìí. Ó ń rìn, ó ń tiro díẹ̀, kò lè sáré. Dókítà ní ibi tó máa dé nìyẹn. Aṣọ ló kù tó ń gé, a ti gba obìnrin kan tó ń rán an. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti máa wá àga jókòó. Mi ò tíì bi í bóyá ó kábàámọ̀. Òun náà ò sì bi mí.