Odindi Ọmọ, Ó Ku Ẹnu

Wọn á ti kírun Jímọ̀ tán báyìí. Bí wọ́n bá ti kírun tán, Kàmálù á dé — ó sì ti wí tẹ́lẹ̀ pé bóun bá dé, òun ò ní jókòó. Á mú ọmọ rẹ̀, ó di Èkó, ó di ilé-ìwé àwọn adití. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń gbọ́ kedere! Bí alángbá bá sáré kọjá lórí páànù, á gbójú sókè wò ó. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ lọ fi sáàárín àwọn tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀... Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀? Pé kó tún fún mi láyè díẹ̀ sí i? Ó ti fún mi láyè títí, ó ti sú u.

Sèínábù rèé lórí ẹní, ó ń fi amọ̀ mọ nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kì í wo ojú mi. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni ìyá Kàmálù ti ń fi ọ̀kadà gbé e wá láti Odò-Orò wá bá mi ní Ìkọ̀lé níbí, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń nira fún, ọ̀rọ̀ kan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ fún mi. Ẹyọ kan. Ọkàn mi ti rẹ̀.

Èmi tí mo sì ń fọ́nnu! "Odindi ọmọ là ń tọ́jú níbí, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan." Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà, mo sọ ọ́ fún tíṣà, mo tiẹ̀ lọ sọ ọ́ lórí rédíò, ẹni tó bá gbọ́ mi lọ́jọ́ náà á rò pé mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Mo sì ṣe é o, mi ò parọ́. Mo tún oorun rẹ̀ ṣe — ó ń sùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa bá ìyá àgbà lọ sóko bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń lọ, ó ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ìyá rẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ nílùú àwọn Lárúbáwá, mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ó fi sunkún, ó wá ń pe ọmọ rẹ̀ déédéé. Gbogbo ara ti ń bọ̀ sípò. Ó ku ẹnu.

"Kò yadi o, ọmọ mi! Àfi kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ lúlé. Bó ti ń bá adìẹ jà ló ń bá uṣu sọ̀rọ̀ lóko!"

Ìyá àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ẹnu wọn mú nílé tí wọ́n ń yadi níta. Ìbẹ̀rù ni. Ìyá tó lọ ló fà á, mo ní, ibẹ̀ ni mo sì ń gbẹ́... ìyá, ìyá, ìyá ṣáá. Bẹ́ẹ̀ nílé, níbi tí ìyá kò sí gan-an, ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Kí ló wá dé? Kí ló wà níbí àti ní ilé-ìwé tí kò sí lóko?

Tíṣà. Akínlolú, tíṣà rẹ̀, ọmọlúàbí ni, ó tiẹ̀ gbé àga fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé-ìwé wọn. "Àǹtí, a ò gba èdè oko ní kíláàsì wa." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Sèínábù kàwé sókè, *ilé* ló wà nínú ìwé, *ulé* ló kà. Kíláàsì dàrú. Láti ọjọ́ náà, Ulé ni wọ́n ń pè é. "Ulé, wá! Ulé, jókòó!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Ùsì! Èmi tí màmá mi ń sọ *ulé* títí di òní, tó bá ti pè mí, "Ìgbà wo lo ń bọ̀ lúlé?", tí màá sì dáhùn pé, "Mò ń bọ̀ nílé, Màámi..."

Kí ló ń mọ yẹn? Ògiri. Ògiri mìíràn. Ó ń fi ọmọ ìka dá ihò ilẹ̀kùn sí i lára.

Ó mọ ọ́n rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lórí ẹní yìí kan náà. Mo bi í pé kí ló mọ, ó sì — áà. Ó dáhùn! Ó dá mi lóhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ulé." Inú mi sì dùn, mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ẹ hẹn, ilé! Ilé tó dára!" Mo tún un ṣe fún un. Tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wò mí, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Mo sì ń sọ kiri pé kò fún mi ní ọ̀rọ̀ kan. Mi ò kà á mọ́ ọ̀rọ̀ ni. Létí mi, àṣìsọ ni. Háà, Sèínábù, má bínú. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti fọ́, ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi kó o?

Mọ́tò ń fun fèrè níta. Òun ni.

Sọ ọ́. Sọ ọ́ fún un nísinsìnyí, kó tó dìde. Ọ̀rọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ màmá mi. Mo la ẹnu... ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, ilé-iṣẹ́, àwọn ló ń rọ́ wá. Ahọ́n mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé èmi náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé. Bàtà Kàmálù ń bọ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ. Sèínábù fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu ọ̀nà ilé amọ̀ rẹ̀, ó dí i pa.

Odi méjì ló wà nínú yàrá yìí. Èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀.