Ìbòòji Ìdí Iná

Ẹni tó bá fẹ́ bú jórinjórin yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ débi pé ó ń bí àwọn ọkùnrin yòókù ládùúgbò nínú, torí òun làwọn ìyàwó wọn fi ń ṣe àpẹẹrẹ nígbàkigbà tí ìjà bá dé. Adúmáadán ló máa ń pè é. Obìnrin náà dúdú, ó ń dán, òun fúnra ẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀ ló pàtẹ sí, létí títì, ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fáwọn aránṣọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì pọ́n, oríkèé ara ẹ̀ ń wú. Ilẹ̀ á mọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò ní lè ṣí ìdérí ike. Dókítà àkọ́kọ́ ní lúpọ́ọ̀sì ni. Ó ní kì í ran ẹlòmíì, kò ṣeé wò tán, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá a gbé fún ìgbà pípẹ́. Ó kọ oògùn fún un, ó ní kó má jẹ́ kí oòrùn máa pa á, ó sì pe aláìsàn míì wọlé.

Jórinjórin gba ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn bí àṣẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an ló palẹ̀ àtẹ ìyàwó ẹ̀ mọ́, ó gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ páànù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń jó irin fèrèsé àti géètì. Oòrùn ò débẹ̀ rárá. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"O ti wá jó ìyàwó ẹ mọ́ ara ẹ báyìí."

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀," òun náà dá a lóhùn.

Bó bá fẹ́ tanná ran irin, á ní, "Adúmáadán, yíjú." Obìnrin náà á yíjú, iná á kọ mànà, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ojú ni gbogbo jórinjórin mọ̀ pé iná yẹn ń bà jẹ́. Òun fúnra ẹ̀ wọ ìbòjú dúdú, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù alápá gígùn. Ẹ̀wù aláìlápá nìyàwó ẹ̀ ń wọ̀, torí ooru páànù.

Dípò kí ara máa dá, ṣe ló ń le sí i. Ẹsẹ̀ wú, ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù ńlá, kíndìnrín ẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.

Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ní sùúrù. Ó fún ọkọ ní àga.

"Ara wa láwọn ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀, sà. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ rí i á da èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi kìlọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbára dì, ibẹ̀ á wú, á gbóná. Tí kòkòrò bá kú, ìkìlọ̀ á dákẹ́. Ti ìyàwó yín kì í dákẹ́. Ó dà bí àdúgbò tí ẹnì kan ti ké olè, tí gbogbo ilé ń gbè é, tí ẹnikẹ́ni ò bi í pé ta ló rí olè ọ̀hún. Onílé ni wọ́n wá ń lù. Wọ́n ti lu kíndìnrín."

"Kí ló ń fa igbe yẹn?"

"Nǹkan pọ̀, a ò tíì mọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn wà níbẹ̀. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì awọ ara, ohun tó wà nínú ẹ̀ á tú síta, àwọn ẹ̀ṣọ́ á rò pé ọ̀tá ti dé."

"Oòrùn ò pa á, dókítà. Ọ̀dọ̀ mi nínú ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Ó sọ fún un. Dókítà ní irú ìtànṣán yẹn gan-an wà nínú iná jórinjórin, pé nítòsí, ó lè le ju ti oòrùn lọ. Ó yára fi kún un pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná náà ló fà á, pé lúpọ́ọ̀sì ti mú kíndìnrín ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò sún mọ́ irú iná bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò gbọ́ ọ mọ́.

Ó wọlé bá ìyàwó ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú obìnrin náà wú, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣì.

"Adúmáadán, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ẹ́." Ó sọ gbogbo ohun tí dókítà wí.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ àjà. "Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Pé iná yín ń jó mi lára. Ó ti pẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti jó irin gan-an, tó bá dalẹ́, gbogbo apá á máa ta mí."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀ bá ní kí n lọ jókòó sílé. Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà la ẹnu, ẹkún ló jáde. Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ń sunkún láìbojú, torí kò rí ohun kan tó kù tóun lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì ti àga onítáyà wọlé, ó ní ó ti tó àkókò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, àti pé ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Obìnrin náà bèèrè bóyá ọkọ òun lè bá òun wọlé. Nọ́ọ̀sì ní rárá, aláìsàn nìkan ló ń wọ yàrá yẹn.