Ọwọ́ Tó Gbá Alága Mú

Ìgbà kẹta tí wọ́n gbá Alhaji Àlàmú ní àtàrí ni fìlà rẹ̀ já bọ́ sínú àwo wáàkyé, Alhaji kò sì wò ó. Ìgbà náà ni Fáòsíà mọ̀ pé ẹran ti há a lọ́fun lóòótọ́. Ọkùnrin tó máa ń nu bàtà funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rìn dé Tudu kì í fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìrẹsì.

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ni Mùnírù, igbákejì Alhaji tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wọn, ń wí, ó sì ń gbá àtàrí lọ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe fún un ní kékeré.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹgbẹ́ wọn a máa fẹsẹ̀ rìn láti Adabraka dé Tudu, wọn a sì jókòó sídìí wáàkyé Afua, kí ìrẹsì àti ẹ̀wà lè dá ohun tí ìrìn gbà lára wọn padà. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan, Zuweira, wá kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí Alhaji fi gbà á lálejò gùn ju ẹ̀kọ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń di ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun mú láti ẹ̀yìn, Alhaji dìde. Ó ní kò yẹ kí obìnrin di ọkọ ọlọ́kọ mú báyẹn. Kí àwọn ọkùnrin kọ́ ọ. Kí àwọn obìnrin máa sáré wá omi àti takisí. Àwọn ọkùnrin kọ́ ọ, wọ́n ya fọ́tò, Mùnírù sì gbé ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kọ́ sókè àwọn béèlì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Fáòsíà, tó ń tún aṣọ òkìrìkà rán ní ọjà Kantamanto, ń bu tíì fún wọn lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nídìí tíì, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó délé, ó gbé àpò ńlá kan tó kún fún ṣòkòtò jíìnsì dúró, ó ń dì í mú láti ẹ̀yìn títí apá fi ń ro ó.

Ọwọ́ méjèèjì Alhaji wà lọ́rùn báyìí, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kankan kò jáde. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Àyà ni àbí ikùn?" Mùnírù bi gbogbo wọn léèrè. Ẹnìkan ti ń já ọ̀rá omi.

Fáòsíà wo Àkànkẹ́, ìyàwó Alhaji, lójú. Bí ó bá di ọkùnrin yìí mú, tó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ni Kantamanto yóò máa pè é? Ojú Alhaji ti ń yí.

"Ẹ má fún Alhaji lómi," Fáòsíà ní, ó sì kọjú sí Àkànkẹ́. "Ìyá Suhaib, ẹ dákun, ẹ má bínú."

Ó tẹ Alhaji síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, òun tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ẹran kò jáde. Ó wá fi apá yí i ká, ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì bò ó, ó sì fà á wọlé sókè. Ní ìgbà kẹrin, ẹran fò jáde bọ́ sórí bẹ́ǹṣì.

Lẹ́yìn náà ni èémí wọlé, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Ṣíbí Afua dúró lókè. Fáòsíà kò tíì lè tú ọwọ́. Ó ń gbọ́ bí ìhà ọkùnrin náà ṣe ń fẹ̀ láàárín apá rẹ̀, tó ń súnkì, tó tún ń fẹ̀. Àpò jíìnsì kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé ayé, tí kò tíì mọ ọ̀nà.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa gan-an nìyẹn," Mùnírù wí.

Fáòsíà ní kí wọ́n gbé Alhaji lọ sí ọsibítù, kí dókítà wò ó bóyá ohun kan ti ṣe é nínú. Mùnírù sáré lọ wá takisí. Alhaji fẹ́ sọ̀rọ̀ alága. Ikọ́ nìkan ló jáde.

Àkànkẹ́ dìde. Àwọn obìnrin yòókù wo ilẹ̀. Ó bọ́ báàgì rẹ̀ kúrò léjìká, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì yí ẹ̀yìn sí Fáòsíà.

"Kí takisí tó dé," ó ní, "fi ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ sí hàn mí."

Alhaji wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Fáòsíà. Ó di báàgì náà mú dáadáa.