Ṣíìpù Ọlọ́pọlọ Mẹ́rìnlélógún

Kí òjò dídì tó ká wọn mọ́ ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí Lorna Haugen ti ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Láràárọ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Forest Grove wá sí Hillsboro, á jókòó sídìí tábìlì, á ṣí àwòrán ṣíìpù náà sójú kọ̀ǹpútà, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí kò sí.

Ṣíìpù ọ̀hún kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà ọmọ ilé ìwé. Orúkọ igi ni ilé iṣẹ́ wọn máa ń fún ìdílé ṣíìpù kọ̀ọ̀kan, Tamarack sì ni wọ́n sọ eléyìí. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù, àwọn tó ń fi gbá géèmù, àti àwọn tó kàn fẹ́ kí tiwọn yá ju ti aládùúgbò lọ, àwọn ni wọ́n ń ṣe é fún. Mẹ́ta ni wọ́n nínú ìdílé náà, àgbà wọn sì ni wàhálà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpọlọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kó sínú ara kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn jọ ń bu ìrántí nínú àpò ńlá kan náà. Bí ó bá sì rí i pé ara òun ṣì tutù, fúnra rẹ̀ ni yóò fi kún eré rẹ̀, kò ní í dúró de ẹni tó ni ín.

Àwọn tó ṣe é lé ní igba èèyàn. Ti Lorna nínú rẹ̀ ni iná. Òun ló ń rí sí i pé iná tó ń ti inú bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, bọ̀ gba àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò tí ṣíìpù ń jókòó sí, kọjá, kó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ kọ̀ọ̀kan láìpọ̀ jù, láìkéré jù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti dí.

Ọ̀gá wọn, Vern Tolliver, ló dí i. Ọkùnrin tó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún ni, irunmú rẹ̀ funfun báláú, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó gun orí pèpéle níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ó gbé bọ́ọ̀dù kan sókè, ó ní, "Ẹ ra èyí lẹ́ẹ̀kan, ìran ṣíìpù mẹ́ta ni yóò gbà!" Ṣe ni wọ́n dìde dúró tí wọ́n ń hó. Àwọn kan tẹ ọ̀rọ̀ náà sára aṣọ. Ìran kìíní wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ìran kejì wọ̀ ọ́. Tamarack ni ìkẹta. Ọpọlọ inú rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, iná tó ń jẹ ti di ràbàtà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wà bó ṣe wà, kò sanra sí i.

Bí wọ́n bá pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìlérí Vern di irọ́. Bí wọ́n bá dín iná kù, ilé iṣẹ́ kejì tí wọ́n jọ ń bára wọn díje yóò fi eré là wọ́n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò jó. Lorna ló máa fọwọ́ sí i pé iná rẹ̀ dára kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ṣíìpù ní Taiwan. Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, ó mọ̀ pé ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ sí i ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn tí kò gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ àti àwọn tó gbọ́ tí wọ́n ṣorí kunkun nìkan ló wá síbi iṣẹ́. Thuy Lam, obìnrin tó ń dán ṣíìpù wò, wà lára àwọn olórí kunkun. Ó yọ orí síta láti yàrá ìdánwò.

"Lorna, wá yá mi ní imú rẹ."

"Èwo tún nìyẹn?"

"Ṣáà wá."

Lorna wọlé. Òórùn ike tó ń jóná ló pàdé rẹ̀. Thuy yọ ṣíìpù kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi ìmọ́lẹ̀ sí i. Àwọn ẹsẹ̀ tó wà ní igun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹran tó pẹ́ lórí ẹyín iná.

"Mo ní kí gbogbo ọpọlọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ni," Thuy wí. "Kò tiẹ̀ ju ìgbà tí mo fi lọ bu kọfí lọ. Wọ́n ní kí n dán an wò, mo dán an wò. Wọn ò ní kí n sùn tì í."

Ìgbà yẹn ni Vern wọlé tòun ti ẹ̀wù òtútù rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. "Ojú pópó ti ń dì o! Àwọn tó kù ti ń sá lọ sílé. Lorna, ìwọ ni mo wá bá. Àwọn ará Taiwan ń retí iṣẹ́ wa lónìí. Ìfọwọ́sí rẹ nìkan ló kù."

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Kò wò ó. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Mo ti rí àwòrán ẹ̀. Jọ̀ọ́, ta ló máa ń lo ọpọlọ mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Àwọn tó rà á torí pé ó ní ọpọlọ mẹ́rìnlélógún ni."

Thuy yíjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi ààlà sí iná tó ń jẹ," Lorna wí. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ti múra ẹ̀ sílẹ̀."

"Kó wá máa rìn bí ìgbín? Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Èmi tí mo dúró níwájú ayé!"

"Ẹ̀yin lẹ dúró níwájú ayé. Èmi ni orúkọ mi máa wà níbẹ̀ bí ilé ẹnì kan bá gbiná."

Ojú Vern pọ́n. "Ó dáa. Má fọwọ́ sí i. Mo ń lọ bá ọ̀gá àgbà nílé wọn, wọ́n á yan ẹlòmíì tó máa fọwọ́ sí i." Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ra, ó lọ.

Lorna jókòó. Ó ro ilé tí òun àti Dale ọkọ rẹ̀ ṣì ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ro ọdún tó ti lò nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yìí. Bí wọ́n bá lé e, ta ni yóò gba ẹni tó dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ ìparí? Bí ó bá sì sáré tẹ̀lé Vern lọ fọwọ́ sí i, báwo ni yóò ṣe máa sùn?

Ariwo kan ló gbé e dìde. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Vern ni, ó nà gbalaja sílẹ̀ nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Yìnyín ti bo ilẹ̀, ó ń dán bíi gíláàsì, òjò sì ń rọ̀ sí i, ó ń dì bó ṣe ń balẹ̀.

"Ìbàdí mi," Vern ń wí. "Lorna, ìbàdí mi ti lọ."

Wọn ò lè dúró lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Lorna rá kòrò lọ bá a. Thuy, tó ti sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ju páálí ńlá tí wọ́n fi kó kọ̀ǹpútà wá sí i, wọ́n yí Vern sórí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, tó ń pariwo ní gbogbo ọ̀nà. Wọn kò tíì gbé e wọ yàrá ìdánwò tán tí igi ńlá kan fi ya lẹ́bàá ọ̀nà, tó fa wáyà iná já. Ilé ṣókùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ dún, ṣùgbọ́n yàrá ìdánwò nìkan ló ń fún ní iná. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kú fin-ín-fin.

Lorna pe áńbúláǹsì.

"Igi ti dí ọ̀nà níbi gbogbo, màmá," ẹni tó gbé fóònù wí. "A máa wá, àmọ́ mi ò lè sọ ìgbà tá a máa dé. Ẹ má gbé e kiri. Ẹ máa mú un móoru. Òtútù ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù."

Òtútù ti ń wọ ilé náà. Ẹ̀wù Vern ti rin gbindin. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n fi ẹ̀wù tiwọn bò ó, eyín rẹ̀ ṣì ń gbá ara wọn. Lorna wò yíká yàrá: bọ́ọ̀dù ni, wáyà ni, irin ni. Kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè dá iná yá sí.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n tò sórí pákó.

"Thuy, mélòó ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Thuy wò ó, ó sì lóye. "Ah! Màmá, orí rẹ pé." Ó ti ń gbé wọn sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n to àwọn bọ́ọ̀dù náà yí Vern ká, wọ́n kọ ojú fáànù wọn sí i, kí ooru tó ń ti ara ṣíìpù jáde lè fẹ́ lù ú. Thuy ní kí gbogbo ọpọlọ ṣiṣẹ́ pọ̀ láìní ààlà. Àwọn fáànù hó. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn gbígbóná fi kún yàrá, tí ẹ̀jẹ̀ sì padà sí ojú Vern. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí i? Mo sọ pé yóò wúlò."

Inú afẹ́fẹ́ náà ni òórùn ike jíjó ti jáde. Bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́bàá etí rẹ̀ ta pàù, fáànù rẹ̀ dúró. Vern yí ọrùn. Èéfín tín-ín-rín ń jáde lábẹ́ ṣíìpù. Ó ń wò ó, kò sì lè gbé ojú kúrò, nítorí kò lè yí ara rẹ̀ padà. Kò pẹ́, ìkejì náà ta.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" ó béèrè pẹ̀lẹ́.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Ọ̀gá," Thuy dáhùn.

"Ẹ tan òmíràn."

"Bá a bá ń ṣe báyìí, gbogbo ẹ̀ á jó tán kí wọ́n tó dé," Lorna wí. "Ẹ ó sì gan."

Ó fa kọ̀ǹpútà Thuy mọ́ra, ó gbé ààlà tó ti múra sílẹ̀ sórí gbogbo bọ́ọ̀dù tó kù. Ariwo fáànù rọlẹ̀. Ooru náà dín kù, ó di lọ́wọ́ọ́wọ́, òtútù sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n sún mọ́ Vern ní ọ̀tún àti òsì, wọ́n fi ara tì í. Kò sí bọ́ọ̀dù tó tún ta.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán fi ń yí lọ. Lorna ń gbọ́ bí ẹ̀ka igi ṣe ń já lóde, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ẹni ń yìnbọn. Dale pè é lórí fóònù, ó ní iná ti lọ nílé àti pé kó má dáwọ́ lé ọ̀nà rárá. Lorna ní òun gbọ́. Ibo ni ì bá tiẹ̀ gbà? Ó ṣe é bíi pé ọ̀gá tó fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n jọ di mọ́ra nílẹ̀ yìí, ni gbogbo ayé tó kù fún un.

"Eré mélòó la máa pàdánù?" Vern béèrè.

"Ìdá kan nínú mẹ́jọ, bí gbogbo ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀."

"Wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

"Wọ́n á fi gbogbo wa ṣe é," Thuy wí. "Àmọ́ wọ́n á wà láàyè láti ṣe é."

Omi ń ti igun ojú Vern bọ̀. Lorna kò mọ̀ bóyá ìrora ni àbí nǹkan mìíràn, kò sì béèrè. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ní, "Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Fi ààlà ẹ sí i, kó o fi ránṣẹ́. Sọ pé èmi ni mo ní kó o ṣe é. Tètè ṣe é, kí wọ́n tó fún mi ní oògùn ìrora, kí n má bàa yí ọ̀rọ̀ padà."

Lorna fọwọ́ sí i, ó sì fi ránṣẹ́. Ó rò pé ara òun máa fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn panápaná dé dípò áńbúláǹsì, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n so ṣéènì mọ́ táyà rẹ̀, wọ́n sì gbé Vern lọ.

Tamarack jáde ní ìgbà ìwọ́wé ọdún náà, ó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Àwọn tó ń dán ṣíìpù wò fún aráàlú sọ pé kò gbóná, kò pariwo, kò sì yá tó ti ilé iṣẹ́ kejì. Ọjà rẹ̀ kò tà bí wọ́n ṣe fẹ́. Kò sí ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jó, ṣùgbọ́n ta ló máa ń dúpẹ́ pé nǹkan òun kò jó? Àwọn ọ̀gá àgbà fún Vern ní àwo idẹ kan, wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi. Ó kó lọ sí Astoria létí òkun, ó ń fi ọ̀pá rìn.

Thuy a máa ka èébú tí àwọn èèyàn ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sókè. "'Ta ni òmùgọ̀ tó fi ààlà sí iná yìí?' Lorna, wọ́n ń kí ẹ o."

"Bá mi kí wọn padà."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà funfun, pè wọ́n wọ yàrá ìpàdé, ó fi àwòrán ìdílé tó ń bọ̀ hàn wọ́n. Ọpọlọ méjìlélọ́gbọ̀n. Lorna wo ibi tí wọ́n kọ iná tó máa jẹ sí. Ó ju ti Tamarack lọ dáadáa.

Thuy fi ìgúnpá gún un lábẹ́ tábìlì. "Jẹ́ ká sá," ó sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu.

"Sá lọ síbo?"

Láìpẹ́ sí àkókò yẹn, Thuy fúnra rẹ̀ rí iṣẹ́ sí Seattle, ó sì lọ lóòótọ́. Lorna ní tirẹ̀ padà sínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí àwòrán tuntun náà sójú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì.